Yamato àti ọkọ̀ Luffy: ṣé ó tọ́ sí i àbí kò tíì tọ́ sí i?

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ Yamato yìí sílẹ̀ látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi, kò dẹ̀ sígbà tọ́rọ̀ One Piece, máńgà (ìtàn aláwòrán ti Japan) tí Oda ń kọ nípa Luffy àtàwọn ajalèlókun ẹ̀, máa délẹ̀ láàárín wa tá ò ní já síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ò bá tíì ka apá Wano tán, níbi tí Luffy ti lọ gba ilẹ̀ Wano lọ́wọ́ Kaido ọ̀gá ajalèlókun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ kà á ná, mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́ níbí.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. 2020 ni Yamato yọjú, orí 983, lórí erékùṣù Onigashima tí Kaido fi ṣe ibùjókòó. Luffy àti Ulti, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun Kaido, ń forí sọra wọn bí àgbò, àfi gbàà! ẹnì kan tó fi ìbòjú bojú já wọ̀ ọ́ tòun ti kùmọ̀ irin, ó fi la Ulti mọ́lẹ̀, ó gbé Luffy, ó sá lọ. Orí tó tẹ̀ lé e ló ti ṣí ìbòjú, ó ní ọmọkùnrin Kaido lòun, ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tóun ti ń retí Luffy, òun fẹ́ bá a jagun yẹn, ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun wọ ọkọ̀ ẹ̀. Àtìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kà á mọ́ àwọn Straw Hat, ìyẹn àwọn ọmọ ọkọ̀ Luffy, àwọn tó mọ àwòrán yà dáadáa ti ń yà á mọ́ wọn, wọ́n ti ń fún un ní yàrá nínú ọkọ̀ wọn, Thousand Sunny. Ọdún méjì la fi dúró. Ó wá di August 2022, orí 1057, Luffy fẹ́ kúrò ní Wano, Yamato ní òun ò lọ mọ́, òun máa dúró sílé.

Inú mọ́tò ni mo wà tí mo fi kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà sójú ewé yẹn, mo rò pé àwọn tó túmọ̀ ẹ̀ ló ṣì í. Mi ò tíì délé tí àbúrò mi obìnrin, èmi náà ni mo kọ́ ọ ní máńgà kíkà nígbà tó wà ní JSS 2, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: “Bọ̀dá mi, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò tíì tọ́ sí i.” Ó dùn mí débi pé mi ò fèsì títí di alẹ́. Mo ní kí ló kù tí ẹ̀dá ọ̀hún ò ṣe? Ohun tó sọ yẹn ni mo wá fẹ́ gbé yẹ̀ wò dáadáa, torí ó lóótọ́ nínú, ó dẹ̀ ní ibi tó ti kùnà.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Àwọn tó ń kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì ti bá ara wọn jà títí lórí bóyá ọkùnrin ni kí wọ́n pe Yamato ni àbí obìnrin, torí ara obìnrin ló ní, ó dẹ̀ pe ara ẹ̀ ní ọkùnrin nítorí pé ọkùnrin ni Oden, sámúráì Wano tó ń sọ pé òun jẹ́, Kaido gan-an ń pè é ní ọmọkùnrin òun. Lédè tiwa, “ó” ti tó. Ọmọ ni, ọmọ Kaido. Ìyẹn jẹ́ kí n lè gbájú mọ́ ohun tó ṣe pàtàkì sí mi, ìyẹn irú èèyàn tó jẹ́ àti ohun tó fẹ́ fayé ẹ̀ ṣe.

Látorí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí Kaido de ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ méjèèjì, ó ní tó bá fi lè kúrò lórí Onigashima pẹ́nrẹ́n, ó máa bú gbàmù. Ogún ọdún ló fi wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ace wá síbẹ̀ nígbà kan, ẹ̀gbọ́n Luffy, àwọn méjèèjì jà títí wọ́n fi dọ̀rẹ́, wọ́n jọ mu ọtí, Ace sọ̀rọ̀ àbúrò ẹ̀ fún un, ó fún un ní vivre card ẹ̀, bébà tó máa ń jóná tẹ́ni tó ni ín bá ń kú lọ, ó dẹ̀ bá tirẹ̀ lọ, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ò jẹ́ kí Yamato lè tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, ojú Yamato ni bébà kékeré yẹn ṣe jóná di eérú, ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé Ace ti kú. Ẹ ronú sí i. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó ní láyé, bébà ló fi gbọ́ ikú ẹ̀.

Ní orí 985 wàyí, Luffy ní kó gbọ́wọ́ wá, òun máa bá a tú u. Ìgbà yẹn ló jẹ́wọ́ pé òun ò mọ̀ bóyá ó máa bú lóòótọ́ àbí bàbá òun kàn fi ń dẹ́rù ba òun ni. Ẹ wo ohun tó ń sọ o. Ogún ọdún, tó ń jẹ lílù lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, ó ṣì ń tọ́jú ààyè kékeré kan sílẹ̀ lọ́kàn pé bàbá ni bàbá á máa jẹ́. Luffy já a kúrò, ó jù ú nù, gbogbo ibẹ̀ mì tìtì. Iná, èéfín, òkúta ń fò. Lẹ́yìn náà Oda fi ojú Yamato hàn wá, omijé ń dà, eyín pa pọ̀ gírígírí, kì í ṣe ẹkún ayọ̀ rárá, ẹkún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i dájú pé bàbá tó bí òun ti múra tán láti pa òun ni. Mo ti ka One Piece ọdún pípẹ́, mo ti sunkún níbi ọ̀rọ̀ Robin, níbi ọ̀rọ̀ Merry, ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo yẹn, mi ò lè fojú fò ó.

Àbúrò mi ò bá mi jiyàn lórí èyí. Ohun tó ń sọ ni pé ìyà kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ó ní ta ni ò jìyà nínú One Piece? Òótọ́ ni. Agbára náà kì í ṣe ìwé àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yamato yìí nìkan ló dá Kaido dúró lórí òrùlé nígbà tí Luffy ṣubú sínú òkun, òun nìkan títí Luffy fi padà dé. Tó bá jẹ́ agbára ni Luffy ń wá, Usopp ò ní fojú kan ọkọ̀ yẹn.

Kí ni Luffy ń wò gan-an? Mo ti jókòó tì í. Nǹkan méjì ni mo rí. Àkọ́kọ́, kó wù ú, ìyẹn ni pé káptẹ́nì fúnra ẹ̀ á sọ pé mo fẹ́ ẹ, kò sí ìdìbò. Chopper, dókítà wọn, ń wí àwíjàre pé àgbọ̀nrín lòun, pé òun ní ìwo, pé imú òun búlúù, Luffy pariwo mọ́ ọn pé kó dákẹ́, kí wọ́n máa lọ. Èkejì ni pé kẹ́ni náà ní ohun tiẹ̀ tó ń lé. Zoro fẹ́ jẹ́ onídà tó mọ idà lò jù láyé, Nami fẹ́ ya máàpù gbogbo ayé, Sanji ń wá òkun All Blue, Robin ń wá ìtàn tí wọ́n bò mọ́lẹ̀, Brook ní ẹja àbùùbùtán tó ń dúró dè é. Wọ́n wọ ọkọ̀ Luffy, wọn ò wọ àlá Luffy. Ohun tó mú kí ọkọ̀ yẹn yàtọ̀ sí ti àwọn ajalèlókun yòókù nìyẹn.

Ibẹ̀ gan-an ni àbúrò mi ti mú mi. Ó ní, “Bọ̀dá mi, kí ni àlá Yamato?” Mo ní ó fẹ́ ṣí Wano sílẹ̀, ó fẹ́ rìn kárí ayé. Ó ní, “Ti Oden nìyẹn. Mo ní tiẹ̀.”

Mi ò rí nǹkan sọ.

Torí òótọ́ ni. Ogún ọdún sẹ́yìn, Yamato kékeré dúró láàárín èrò, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń se Oden nínú òróró gbígbóná, tí Oden gbé àwọn èèyàn ẹ̀ sórí pátákó lókè orí fún wákàtí kan kí wọ́n má bàa kú. Lẹ́yìn náà ló rí ìwé ìrìnàjò Oden he, ó kà á títí, ó wá ń sọ fún gbogbo èèyàn pé òun ni Kozuki Oden. Àwa Yorùbá mọ Babátúndé, a mọ Ìyábọ̀, a gbà pé ẹni tó lọ lè padà yà lọ́dọ̀ ọmọ ilé ẹ̀. Ti Yamato ò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ẹ̀ ni Oden ṣe kú, kì í dẹ̀ ṣe ọmọ ilé Oden, ọmọ ẹni tó pa Oden ni. Ṣe ló mú orúkọ yẹn fúnra ẹ̀ bí ẹni tí òjò ń pa tó bọ́ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé. Mi ò dá a lẹ́bi. Ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ Kaido gbọ́dọ̀ rí orúkọ kan dì mú kó má bàa ya wèrè. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló sọ pé orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Luffy já ti ọwọ́ ẹ̀ kúrò ní orí 985, ìjánu orúkọ Oden ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló fi há a. Tó bá jẹ́ báyẹn ló ṣe wọ ọkọ̀, Oden ló máa wọ ọkọ̀ o, kì í ṣe òun. Gbogbo erékùṣù tí wọ́n bá dé, á máa ṣí ìwé wò bóyá Oden ti débẹ̀ rí.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá bi mí nípa Yamato ti orí 984, kò tíì tọ́ sí i. Mo gbà fún àbúrò mi níbẹ̀, mo dẹ̀ sọ fún un.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ rántí pé Kaido gbé odidi Onigashima sójú ọ̀run, ó ń darí ẹ̀ lọ sórí Ìlú Òdòdó níbi táwọn ará ìlú ti ń ṣọdún, wọn ò mọ nǹkan kan. Yàrá kan wà nísàlẹ̀ erékùṣù yẹn tó kún fún bọ́ǹbù. Iná ń lọ síbẹ̀. Lókè, Luffy àti Kaido ń ja ìjà tí gbogbo ayé máa gbọ́, Yamato wà níbẹ̀, àyè ẹ̀ ni, bàbá ẹ̀ ni, ìjà tó ti ń retí láti kékeré ni. Ó fi í sílẹ̀ fún Luffy, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti lè rí i, ó lọ ń fi yìnyín bo bọ́ǹbù. Kò sí orin fún ìyẹn. Àwọn tó wà nílùú ò mọ̀ títí dòní pé ẹnì kan wà lábẹ́ ilẹ̀ tó ń sáré kí wọ́n má bàa kú. Èmi, ojú ewé yẹn ni mo kọ́kọ́ rí Yamato fúnra ẹ̀, láìsí Oden lọ́rùn ẹ̀.

Ẹ tún wo devil fruit tó jẹ, èso tó ń fún èèyàn lágbára àràmàǹdà. (Mi ò ní pè é ní èso Èṣù, torí Èṣù tiwa kì í ṣe ohun táwọn yẹn ń sọ.) Ìkookò ni, Oguchi no Makami, òrìṣà tó ń dáàbò bo Wano. Kaido ló ní èso yẹn, ohun míì ló fẹ́ lò ó fún, ọmọ ẹ̀ wá jẹ ẹ́. Látìgbà náà ni agbára tó wà lára ẹ̀ ti ń fọwọ́ júwe ilé, àwa tá à ń kà á là ń wo òkun.

Lẹ́yìn ogun, wọ́n ń ṣe fàájì, Ryokugyu ọ̀gágun orí omi dé láìjẹ́ pé ẹnì kan pè é, orí Luffy ló wá gbà. Momonosuke (Momo), ọmọ Oden, àti àwọn sámúráì jáde sí i. Yamato náà jáde, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Momo ní rárá, kó má dá sí i. Ó ní ìwọ máa bá Luffy lọ, tá a bá tún fara tì ọ́ lónìí, ta la máa fara tì lọ́la? Ọmọdé tó ń sọ̀rọ̀ bí àgbà. Yamato wá dúró, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń jìyà, agbára wà lọ́wọ́ ẹ̀ kò sì lò ó. Haki (agbára inú) Shanks, ọ̀gá ajalèlókun míì, látorí òkun ló padà lé Ryokugyu lọ, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Yamato ti ṣẹlẹ̀. Mo gbà pé ibẹ̀ ló ti pinnu, bí Oda ò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ ṣàlàyé, mo dẹ̀ rò pé ó yẹ kí Oda fún un ní ojú ewé bíi méjì sí i, torí lójú ẹni tó ń sáré kà á, ṣe ló dà bíi pé ó ṣàdédé yí ọkàn padà. Ẹ̀dùn tí mo ní sí Oda nìyẹn, mi ò tíì gbàgbé ẹ̀.

Àbúrò mi ní kò yí padà rárá. Ó ní ẹ wo ìdí tó fi sílẹ̀: ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ rìn yíká Wano bí Oden ṣe kọ́kọ́ rìn yíká Wano kó tó gba ojú omi lọ. Ó ní Oden kan náà la tún ń sọ yìí, kí ló yí padà?

Ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn dáadáa báyìí. Nígbà tí Oden fẹ́ wọ ọkọ̀ Whitebeard, ọ̀gá ajalèlókun ńlá kan, Whitebeard ò fẹ́ ẹ. Oden di ẹ̀wọ̀n kan mú lẹ́yìn ọkọ̀, Whitebeard ní tó bá lè di ẹ̀wọ̀n yẹn mú fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, òun máa gbà á. Oden dì í mú, omi ń lù ú, ẹja ń lé e. Ó ku díẹ̀ báyìí kọ́jọ́ mẹ́ta pé, ó gbọ́ igbe obìnrin kan, Toki, ó já ẹ̀wọ̀n sílẹ̀, ó lọ gbà á. Ìdánwò yẹn, kò yege ẹ̀. Whitebeard dẹ̀ padà wá gbé e. Jíjá tó já ẹ̀wọ̀n sílẹ̀ ni Whitebeard fi mọ irú ẹni tó jẹ́. Yamato ka ìwé Oden léraléra. Ọkọ̀ Luffy ni ẹ̀wọ̀n tiẹ̀, ọdún méjì ló fi dì í mú lójú wa, ogún ọdún lójú ara ẹ̀, ó ku díẹ̀ kó wọlé, ó gbọ́ igbe Wano, ó jù ú sílẹ̀.

Èyí tó tún wá jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ibi tí Oden ti ṣe àṣìṣe ló ti yà kúrò lọ́nà Oden. Oden lọ. Ó bá Whitebeard lọ, ó bá Roger, ọba àwọn ajalèlókun, dé Laugh Tale, erékùṣù ìkẹyìn, ó gbádùn ayé ẹ̀, nígbà tó máa fi padà dé, Orochi tó ń bá Kaido ṣe ti jókòó sórí ìtẹ́, àwọn èèyàn ti ń sìn ín. Gbogbo ìyà ogún ọdún yẹn, àìsínílé Oden wà nínú ohun tó fà á. Wano tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Kaido, tí olórí ẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nínú ara àgbàlagbà, tí ọ̀gágun orí omi ti wá yọjú sí kí ọtí àjọyọ̀ tó tán, ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ilẹ̀ téèyàn ń fi sílẹ̀ lọ ṣeré. Ìwé Oden ní kó lọ, ó ní mò ń dúró. Ẹnu ló ṣì fi ń pe ara ẹ̀ ní Oden. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ń rìn lọ́nà tiẹ̀.

Kì í dẹ̀ ṣe pé ilẹ̀kùn tì. Jinbe náà, tó ti di ọmọ ọkọ̀ wọn báyìí, Luffy ti pè é láti Erékùṣù Àwọn Ènìyàn Ẹja, ó ní òun ṣì ní nǹkan tóun fẹ́ yanjú ná, ó lọ yanjú ẹ̀ pẹ̀lú Big Mom, ọ̀gá ẹ̀ tẹ́lẹ̀, orí 976 ló tó dé wá bá wọn ní ẹnu ogun Onigashima, kò sẹ́ni tó sọ pé kò tọ́ sí Jinbe. Vivi, ọmọba tó bá wọn rìn, dúró ní Alabasta ilẹ̀ ẹ̀ láti orí 216, títí dòní kò sí ọmọ ọkọ̀ yẹn tó máa sẹ́ ẹ. Carrot tóun náà bá wọn rìn ò rí bẹ́ẹ̀ ṣá o, wọ́n ti gbé iṣẹ́ olórí ilẹ̀ ẹ̀ lé e lọ́wọ́ ní orí 1056, mi ò rò pé a ṣì máa rí i lórí Sunny, ó dùn mí àmọ́ ó ti tán. Ti Yamato yàtọ̀. Luffy sọ ọ́ fún òun àti Momo kó tó lọ, pé ìgbàkígbà tó bá ti wù wọ́n láti jáde sójú omi, kí wọ́n pe òun, òun máa wá gbé wọn. Luffy kì í ṣe ẹni tó ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tu èèyàn nínú.

Torí náà, ìdájọ́ tèmi ni pé ó tọ́ sí i. Ọjọ́ tó ní òun ò lọ ló tọ́ sí i. Àbúrò mi ní òun máa gbà nígbà tóun bá gbọ́ kó sọ pé “èmi ni Yamato” lẹ́nu ara ẹ̀, láìdárúkọ ẹlòmíì. Mo ní kó máa dúró, mo ń bá a dúró. Ní 2024 ni Oda bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ìtàn tiẹ̀ ní ojú ewé àkọ́kọ́ àwọn orí kan, tó ti ń fẹsẹ̀ rìn kiri Wano láti ìlú dé ìlú. Àwòrán kan lórí kan, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìgbàkígbà tí orí tuntun bá jáde, ibẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ ṣí, èmi níhìn-ín, òun níbi tó wà, kálukú á wò ó tán ká tó pe ara wa.